Kíndìnrín Kan Láàárín Ìbejì

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti gba kíndìnrín tuntun ní ìlú òyìnbó tó sì padà dé sí Òkìtìpupa ni n kò ti lè kí i láìkọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá bá a ní ìjókòó, n ó lóṣòó, n ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, n ó sì yọ ọwọ́. Bí ojú ibẹ̀ bá kún padà lọ́gán, ó dára. Bí ó bá dá kòtò sílẹ̀, omi ń kó jọ sí i lára nìyẹn, kíndìnrín kò sì ṣiṣẹ́ tó.

"Dókítà aláìlábẹ́rẹ́ ti dé," ni yóò wí. "Ṣé ọsàn ni o rò pé ò ń tẹ̀ wò ni?"

Tíṣà ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó sọ̀rọ̀ kíndìnrín tí ọwọ́ mi tó tí n kò kà. Mo mọ̀ pé wọn kì í gbé kíndìnrín tuntun sí ibi tí ti àtijọ́ wà. Ìsàlẹ̀ ikùn, lókè itan, ni wọ́n ń fi sí, wọn a sì so iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ èyí tó ń lọ sí ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé ara kì í gbàgbé àlejò. Ojoojúmọ́ ni ó ń fẹ́ lé e jáde, oògùn ni ó sì ń di ara lọ́wọ́ mú. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù lọ ni n kò mọ̀: báwo ni yóò ti pẹ́ tó? Iṣẹ́ ìpààrọ̀ kíndìnrín kò tíì dàgbà nígbà náà, àwọn oníṣègùn fúnra wọn kò lè sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní. "Kó ṣáà gbé mi dé ìgbà tí ọmọ yìí bá jáde ìwé mẹ́fà," ló máa ń wí. N kò lè jókòó jẹ́ẹ́ bí ó bá ti wí bẹ́ẹ̀.

Ìkejì rẹ̀ ló fún un ní kíndìnrín náà. Ìbejì ni wọ́n, ọkùnrin àti obìnrin. Èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé wọn. Obìnrin yìí, tí kò tíì rìn kọjá ìlú Ìrèlè tó wà nítòsí rí, wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá a ní ìlú òyìnbó. Nígbà tí ó ti ibẹ̀ dé, ó padà sílé ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ó sì ń ta púpurú rẹ̀, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, lọ. Òun ni ó wáyé kẹ́yìn, òun sì ni àgbà. Bí ìkejì rẹ̀ ọkùnrin bá ń ṣakọ sí i, á ní, "Ìwọ tí mo rán wá tọ́ ayé wò! Mo rán ọ tán, mo tún wá ń ru ẹrù tẹ̀lé ọ."

Ní ọdún kejì, bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, àtàǹpàkò mi dá kòtò sílẹ̀. Mo sún ọwọ́ sókè, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bákan náà.

"Ẹ ń lo oògùn yín?"

"Ìyá rẹ ló ń kó o lé mi lọ́wọ́ láràárọ̀."

Mo wọ ilé ìdáná, mo tọ́ ọbẹ̀ wò. Mo fẹ̀sùn kan ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń kó wá láti odò, bóyá iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, bóyá kíndìnrín kan ṣoṣo tó kù sí i lára ń yọ òun náà lẹ́nu. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, ṣùgbọ́n eéwo wà ní apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ," ó wí. "Kì í fẹ́ san."

Mo dúró. Oògùn tó ń di ara lọ́wọ́ mú kì í jẹ́ kí egbò tètè san. Ìwé ni mo ti kà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń lo nǹkan ni?"

"Oògùn wa ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìkòkò ilé. "Iye ń ṣẹ́ ẹ sí méjì, ìdajì tèmi, ìdajì tirẹ̀."

Iye ni a ń pe ìyá wa. Mo sáré lọ bá a, ìkejì ń tẹ̀lé mi.

"Iye, ẹ ń pín oògùn?"

"Ta ni í fún ìbejì kan loògùn tí í yọ ìkejì sílẹ̀? Nígbà ibà wọn, ife kan náà ni mo fi ń bu àgbo fún wọn. Èyí tó ń ṣàìsàn a mu, èyí tí ara rẹ̀ le a mu. Bí mo ṣe wò wọ́n tí àwọn méjèèjì fi yè nìyẹn, Tíṣà. Ẹran ara kan náà sì ni. Kíndìnrín ìbejì kì í ṣe àlejò nínú ìbejì."

"Iye, bí ẹ bá ju àgbàdo méjì sínú ihò kan, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa, ṣé wọ́n á so bákan náà?"

"Rárá o."

"Ọkùnrin àti obìnrin nìyẹn. Ihò kan, hóró méjì. Ara rẹ̀ mọ̀ pé àlejò ni."

Ó yíjú sí ìkejì tó dúró lẹ́yìn mi. "Kí n wá yọ èyí tó fi ẹ̀yà ara rẹ̀ tọrẹ sílẹ̀?"

N kò rí èyí kà nínú ìwé kankan. Ìkejì ló dá a lóhùn. "Iye, ẹ fún mi ní ṣúgà. Bó bá ń gbé oògùn mì, kí n máa jẹ ṣúgà. Ẹ ò yọ mí sílẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pariwo láti inú yàrá. "Kí n máa gbé ìkorò mì, kó máa jẹ dídùn!"

"Ṣebí èmi ni àgbà!"

Ní ọjọ́ kejì a kó àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Wọ́n fi kún oògùn ọkùnrin. Wọ́n ní kí obìnrin má ṣíwọ́ lójijì, kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Wọ́n ní apá kan nínú iṣẹ́ kíndìnrín náà ti lọ, kò ní padà, ṣùgbọ́n a lè ṣọ́ èyí tó kù. Mo bi oníṣègùn léèrè pé títí di ìgbà wo. Ó ní òun náà ń fẹ́ mọ̀.

Eéwo san. Láràárọ̀, Iye a dúró lẹ́nu ọ̀nà, oògùn ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ṣúgà ní òsì, wọn a gbé tiwọn mì pọ̀. Ọmọ ti wọ kíláàsì kẹta báyìí. Kí n tó lóṣòó, ẹ̀gbọ́n mi ti na ẹsẹ̀ sí mi.

"Tẹ̀ ẹ́, jàre, kí n ráyè lọ síbi iṣẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo yọ ọwọ́. Mo ń wò ó.