Ibi Tí Mo Ti Ń Na Àsíà

Ojú oorun ni mo fi ń dé ibi iṣẹ́ mi kejì nígbà tí mo ṣì lágbára. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí a bá ti jáde níbi iṣẹ́ òru ní Oakville, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to mọ́tò, ọmọ Ghana kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, mi ò ní lajú títí á fi ní, "Oga, we don reach." Pápá kékeré kan ni a máa ń dé, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń sáré ìje lọ́jọ́ Sátidé. Ó rí bí ẹyin, òsì nìkan ni wọ́n sì ń yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kọ́nà kẹta ni mo máa ń dúró sí. Bí ọkọ̀ bá ti kọlu ògiri, èmi ni n ó na àsíà yẹ́lò sókè kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rọra.

Nígbà tó yá, wọ́n ti pápá náà pa, wọ́n ta ilẹ̀ rẹ̀. Èmi gbàgbé rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ni kò gbàgbé ìtàn tí mo máa ń sọ. Ó ti di baba ọmọ báyìí, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọ́fíìsì ní Toronto, ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ bàtà, ìdí géèmù eré ọkọ̀ ló ń lọ, tòun ti sítíárìn tó so mọ́ tábìlì. Ó ní òun fẹ́ tún pápá yẹn kọ́ sínú géèmù náà.

"Daddy, kí ẹ lè ríbẹ̀ láìtòògbé," ó ní.

Ilé wa kò rọrùn lásìkò yẹn. Bí yìnyín bá ti ń yọ́, omi á máa sun jáde lábẹ́ ilé. Àwọn oníṣẹ́ wá, wọ́n gbẹ́lẹ̀ níwájú ilé, wọn ò rí nǹkan kan. Ó sú ìyàwó mi. "Mi ò lè máa fi garawa gbọ́n omi bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi," ló wí. Ó ti bá obìnrin tí yóò bá wa ta ilé sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni yóò wá ri pátákó "ilé títà" mọ́lẹ̀. Èmi ò fẹ́ lọ. Níbẹ̀ ni mo fẹ́ gbó sí, pẹ̀lú ewúro mi tó wà nínú ike lẹ́yìnkùlé.

Ọmọ mi wá bi mí bí kọ́nà kẹta ṣe rí.

"Ibì kan wú sókè níbẹ̀ díẹ̀. Páìpù ńlá kan ló gba abẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń fa omi òjò jáde nínú pápá. Bí ọkọ̀ bá débẹ̀, á fò."

Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó wa ọkọ̀ débẹ̀, ọkọ̀ fò, ó kọlu ògiri, ọwọ́ mi sì lọ sókè fúnra rẹ̀.

"Ẹ wo bàbá tó ń dá kọ̀ǹpútà dúró!" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ọmọ mi fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ó wá àwòrán àtijọ́ tí wọ́n ya pápá náà láti òkè jáde, ó tẹ́ ẹ lé àwòrán ìlú ti òní, ó fi ojú irin àti odò kékeré tó wà nínú méjèèjì mú wọn bá ara wọn mu.

"Daddy, ibo lẹ ní pápá yẹn wà?"

"Lọ́hùn-ún, tí èèyàn bá kọjá Georgetown. Kò sún mọ́ ibí rárá."

"Who told you?"

"Ta ni yóò sọ fún mi? Ṣebí mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀!"

"Ẹ sùn débẹ̀ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwòrán àtijọ́ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Òrùlé ń yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Mo rí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ aládùúgbò wa. Lẹ́yìn náà ni mo rí òrùlé tiwa. Ibi tó wú ní kọ́nà kẹta yẹn gba abẹ́ igun ilé kọjá, lábẹ́ yàrá mi gan-an, ó sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo wo ilẹ̀, bí ẹni pé ó máa mì. Ibi tí mo ń tẹ́ ẹní ìkírun sí, tí mo ń forí kanlẹ̀ lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni mo ti ń na àsíà! Ojú ọ̀nà tí wọ́n là, ilé tí wọ́n kọ́, òkè tí wọ́n gé, kò sí èyí tó ta mí lólobó.

"Lá iláha illalláhù," ìyàwó mi ní. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Páìpù yẹn ńkọ́? Ta ló hú u?"

Ọmọ mi mú fóònù, ó pe oníṣẹ́.

Nígbà tí oníṣẹ́ padà dé, ẹ̀yìnkùlé la ní kó gbẹ́, ibi tí géèmù fi hàn wá. A kọ́kọ́ gbé ike ewúro mi kúrò. Kò gbẹ́ ẹ jìnnà tí irin fi dún kò. Ẹnu páìpù ló yọ, ó fẹ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀, ẹrẹ̀ ti dí i pa. Bó ṣe họ ẹrẹ̀ náà kúrò ni omi tú jáde, gbogbo wa sá sẹ́yìn. Nígbà tó fi dọjọ́ kejì, abẹ́ ilé ti gbẹ. Títí di báyìí, bí mo bá kírun ní yàrá yẹn, etí mi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

Obìnrin tó fẹ́ bá wa ta ilé dé lọ́sẹ̀ náà, tòun ti pátákó rẹ̀. Ìyàwó mi ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kó jọ̀wọ́ dá pátákó padà sínú ọkọ̀, a ò tà mọ́.

Ìyẹn bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni," ó ní.