Nígbà Tí Bàbá Mi Ń Bá Ikú Jiyàn

Òórùn aṣọ tuntun tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù gbóná lọ̀ ṣì máa ń gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù Alájì aránṣọ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, lọ́dún ìdìbò tí bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá mi, ọmọ Èkìtì. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń lọ jókòó ti Alájì, kí wọ́n jọ jiyàn òṣèlú. Ẹgbẹ́ wọn yàtọ̀, àmọ́ ẹ̀rín ni wọ́n fi ń túká.

Àfi ìgbà tí àbúrò bàbá mi ṣubú lulẹ̀ ní Ìgàndó, tó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Àwọn àgbà ní ohun tó bá dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti bàbá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ òkú náà rárá. Òṣèlú nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀, kò sì gba àwàdà mọ́; ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀tá ni. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, mo gbà pé àìmọ̀ ló ń dà á láàmú. Mo ń kó ìròyìn jọ sórí fóònù, mo ń kà á sí i létí bíi wòlíì. Ṣe ni ojú rẹ̀ túbọ̀ ń pọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo lọ pè é wá jẹun. Alájì ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹgbẹ́ yín ti kú nìyẹn jàre."

Bàbá mi gbá àlùmọ́gàjí orí tábìlì mú. "Ta ló kú? Mo ní ta ló kú!"

Ó nà án sí ọ̀fun Alájì. Alájì kò sá. Ó wò ó lójú títí, ó wá rọra béèrè pé, "Tíṣà, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Àlùmọ́gàjí bọ́ sílẹ̀.

"Àbúrò mi ló kú. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀," bàbá mi ní. "Èmi ló kàn báyìí." Ó bú sẹ́kún.

Alájì fà á jókòó. "Èmi náà, tí mo bá ti dùbúlẹ̀, mo máa ń fetí sí àyà mi bóyá ó ṣì ń lù. Ikú tó ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, àbí ta ni yóò fi sílẹ̀?" Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí.

Lọ́jọ́ ìdìbò, kálukú dìbò fún ẹgbẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì jọ rìn wálé. Bàbá mi kò yí ẹgbẹ́ padà títí di òní, àmọ́ ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, bí mo bá rí ẹni tó ń pariwo òṣèlú ní Ìkọ̀tún, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le gbagidi, n kì í bá a jiyàn mọ́. Mo máa ń bi ara mi pé: ta ni ẹni yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sin?