Bàbá Christopher, Fóònù Ìdárayá àti Ìkíni Òwúrọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá Bàbá Christopher Ọlámúyìwá sí di ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tó sì jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbé láàárín wa ní Uso. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe wolé-wolé, láti Ifọ̀n dé Arimogija, tó ń yẹ ìkòkò omi àti ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn wò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ìjọ Áńgílíkà fún un ní iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù lọ: kíka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọdún tó kọjá, awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́tà inú Bíbélì wá dà bí ohun tí eérú bò. Dókítà ojú ní Ọ̀wọ̀ ní iṣẹ́ abẹ yóò là á, ṣùgbọ́n òun kò ní fọwọ́ kàn án àfi bí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá wálẹ̀. Ó ní kó máa lo oògùn déédéé, kó máa rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ láìdúró, kó sì padà wá lẹ́yìn oṣù méjì.

Ìdí nìyí tí Olúyọmí, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, fi fi fóònù kan ránṣẹ́ sí i. Àwọn tó ń sáré ìdárayá ni wọ́n ṣe é fún. Ó fẹ́lẹ́, ó ní ìgbànú rọ́bà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ apá; ó ń ka ìṣísẹ̀, ó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, ohùn obìnrin kan sì ń ti inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Ó gbọ̀n ọ́n. Fóònù ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Bàbá gbé e sórí tábìlì, ó rìn yí i ká. Kò ka nǹkan kan. Bàbá rẹ́rìn-ín.

Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni pé ní òwúrọ̀, kò tíì kọjá ilé kẹta kí obìnrin inú fóònù tó sọ pé ó ti dúró, òun náà sì ti dá kíkà dúró. Òótọ́ ni: wọ́n kí i, ó dúró, ó béèrè ọmọ, ó béèrè oko, ó béèrè orúnkún tó ń dun ìyá àgbà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jọ pé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í kí ẹnikẹ́ni ni àwọn tó ṣe fóònù náà ń gbé.

Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú Ìwé Mímọ́. Ó rántí pé nígbà tí Èlíṣà rán Géhásì, ìránṣẹ́ rẹ̀, kó lọ jí òkú ọmọ obìnrin ará Ṣúnémù, ó ní kó má ṣe kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ó kàn ń nawọ́ sókè, ó ń kọjá. Ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀ pàápàá, télọ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, tó máa ń jókòó síta lẹ́yìn ìrun àárọ̀ láti dúró dè é. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bẹ̀rẹ̀ sí í pé; fóònù ń yìn ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Theresa, ìyàwó rẹ̀, ń bá a wo ìlà tí fóònù fi ń fi ìlù ọkàn rẹ̀ hàn, nítorí ojú Bàbá kò ríran tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìlà náà tẹ́jú dáadáa, àfi ibì kan tó ń ga sókè lójoojúmọ́, ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án. Bàbá ní bóyá òkè wà níbẹ̀. Wọ́n jọ ṣírò rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn: ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀ ni.

Theresa wá sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Jímọ̀ ti wá béèrè ohun tí òun fi ṣẹ Bàbá. Bàbá yára pe Géhásì ní ẹlẹ́rìí.

“Bàbá Yọmí,” ni Theresa wí, “lóòótọ́ ni Géhásì kò kí ẹnikẹ́ni. Ṣé ọmọ náà jí?”

Bàbá mọ̀ pé ọmọ náà kò jí títí Èlíṣà fi dé fúnra rẹ̀, tó fi ojú kan ojú, tó fi ọwọ́ kan ọwọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Jímọ̀ kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

“Wolé-wolé, ìdọ̀tí wo lo rí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi tí o fi ń sá?”

Bàbá bẹ̀ ẹ́. Ó sọ ti ojú, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ti obìnrin inú fóònù tí kì í fẹ́ kí òun dúró. Jímọ̀ ní òun kò tètè gbọ́ pé ó ti fẹ́ ìyàwó kejì.

“Dìde, bá mi rìn,” ni Bàbá wí. “Gbogbo ìkíni tí o ní fún mi, máa kí i bọ̀.”

Jímọ̀ wá bàtà rẹ̀. Wọ́n rìn dé ọ̀nà oko, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ilé, bí àwọn méjì tó ń lọ sí Émáúsì, tí Olúwa sún mọ́ wọn tó sì ń bá wọn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹni mẹ́rin ló ń bá wọn rìn. Theresa tún wo ìlà náà ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ó tẹ́jú.

Nígbà tí oṣù méjì pé, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé ó ti wálẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un. Ó béèrè bóyá oògùn ló ṣe é ni, tàbí ìrìn. Bàbá ní òun ṣì ń wádìí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tí ó la ojú Bátíméù tọ́ ọwọ́ dókítà náà. Kí Ó pa Bàbá Christopher àti Theresa mọ́ ní àlọ àti ní àbọ̀, kí Ó ṣọ́ Olúyọmí níbi tó wà, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ilé wọn má ṣe yẹ̀. Àmín.