Ẹnu Ẹja tí Mo Ní Kí Bàbá Mi Mú Wálé

Òórùn iyọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé bàbá mi ti dé. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá ní Èrìjìyàn. Òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò gba gbogbo ilé, ṣùgbọ́n òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀: iyọ̀, ẹja gbígbẹ àti epo ẹ́ńjìnnì. Mi ò tíì lajú tán tí mo ti sáré jáde. Báàgì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dì mọ́, kí n tó dì mọ́ òun gan-an. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí ohun gbogbo ń ti Àkúrẹ́ wá, ẹ mọ bí bàbá tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ṣe máa ń rí lójú ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń rí i.

Oko kòkó ni bàbá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní. Tèmi ń bá àwọn òyìnbó kan ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á wa ọkọ̀ lọ síbi tí ilẹ̀ kò ti hàn mọ́ lójú òkun, wọ́n á máa fi ìwọ̀ wá ẹja kan tó gùn ju ọkùnrin méjì lọ, tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀. Òyìnbó á jókòó sórí àga, wọ́n á so ó mọ́ ọn, á máa bá ẹja náà fà á láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Bí ẹja bá ti sún mọ́ ọkọ̀, iṣẹ́ bàbá mi dé nìyẹn. Á wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, á di wáyà tó wà ní ìparí okùn mú, á fà á mọ́ra. Òyìnbó á ya fọ́tò, wọ́n á gé wáyà, ẹja á bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ ò ní jẹ ẹ́?" ni yèyé mi máa ń bi í.

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. "Eré ni wọ́n fi ń ṣe. Ṣé èmi ni mo ni òkun ni?"

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, mo sọ ọ́ ní iléèwé. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rí òkun rí. Omi tó jọ wá lójú jù ni èyí tó gbóná ní Ìkògòsì. Tíṣà wa dá ọ̀rọ̀ dúró. "Ta ni í mú ẹja tó tún jù ú padà sómi?" Ó ní kí n sọ pé irọ́ ni mo pa. Mo kọ̀. Ó nà mí ní pàṣán mẹ́fà, ó sì ní kí n kúnlẹ̀ títí agogo fi lù. Láti ọjọ́ náà, Òpùrọ́ Òkun ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí, wọ́n á máa fi ọwọ́ ṣe ẹnu gígùn sí mi lójú ọ̀nà odò. Ó dùn mí wọra. Mo ya ojú ìwé kan, mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi, mo fi rán dírẹ́bà kan tó ń ti Àrámọkọ lọ sí Èkó. Ohun tí mo kọ kò ju ìlà méjì lọ: "Bàbá mi, ẹ má wá sílé fún Kérésì bí ẹ kò bá mú ẹnu ẹja náà dání. Wọ́n ń pè mí ní òpùrọ́ nítorí yín."

Kérésì dé, bàbá mi kò dé. Ìgbà tí ọyẹ́ mú gan-an ni ọkùnrin Ìlàjẹ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọ ilé wa, kò sì lè mu omi tí wọ́n gbé fún un.

"Ìyá Dúpẹ́, ẹja tí à bá jù sílẹ̀ ni," ó ní. "Ọkọ yín ló bẹ òyìnbó pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé e wọlé, pé òun fẹ́ mú ẹnu rẹ̀ lọ sílé. Ó ti wé wáyà mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja náà fò sókè, ó rì, ó sì mú un lọ. A wá a títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Kí ló fẹ́ fi ẹnu ẹja ṣe?" yèyé mi bi í.

Ó ní òun kò mọ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èmi tí mo mọ̀.

Nílé wa, bí ẹni wa bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wá, irun àti èékánná rẹ̀ là ń gbà, òun là ń sin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè wọn. Ọkùnrin náà sunkún, ó ní kò sí. Ìbọ̀wọ́ ògbólógbòó kan àti lẹ́tà tí wọ́n bá lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló kó wá. Wọ́n sin ìbọ̀wọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí wọ́n fi lẹ́tà náà sí i, yèyé mi kò gbà. Kò mọ̀wé. Ó mú un wá bá mi. "Dúpẹ́, ìwọ lo kọ ọ́. Kà á fún mi."

Mo wo ìlà méjì náà. Mo ní, "Bàbá mi, a kí yín. Ara wa le. Yèyé mi ní kí n kí yín. Ẹ tètè máa bọ̀ nílé o." Yèyé mi fi ìwé náà sí àyà, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa láyé mi nìyẹn, kò sì sí ẹni tó nà mí.

Láti ìgbà náà, gbogbo Kérésì ló ń mú lẹ́tà náà jáde kí n kà á. Èmi náà ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti dàgbà ju bàbá mi lọ, mi ò sì tíì ní ìgboyà ọmọ tó gba pàṣán mẹ́fà nítorí òótọ́. Ní Kérésì tó kọjá, mo tún kà á, láti "a kí yín" títí dé "ẹ tètè máa bọ̀." Yèyé mi gba ìwé náà, ó wo ojú mi pẹ́.

"Dúpẹ́," ó ní, "o kì í ríran kàwé mọ́ láìlo awò. Awò rẹ dà?"

Mo ní ó wà nínú mọ́tò.

"Lọ mú un wá."

Mo lọ. Mo jókòó sínú mọ́tò, awò lọ́wọ́, mi ò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti tọ́jú lẹ́tà náà sínú àpótí, ó ń bu oúnjẹ fún mi.

"Jẹun," ó ní. "Ó di ọdún tó ń bọ̀."