Bọ̀dá Mi Tó Máa Ń Kú Nínú Fíìmù Òyìnbó

Iṣẹ́ tí bọ̀dá mi ń ṣe jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí ó máa kú. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà lẹ́nu eré ṣíṣe, ó ti di ọmọ ìlú wọn, àmọ́ wọn kì í fún un ní ipò ọ̀gá. Ó ti ṣe dókítà, ó ti ṣe wọ́dà, ó ti ṣe ọba ìlú kan tí mi ò mọ ibi tó wà. Bó bá ti sọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìbọn á dún, ó parí. Ní Computer Village tí mo ti ń ta ṣájà àti páùṣì fóònù, màá ní kí oníbàárà wá wò ó: “Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn!” Kó tó gbójú sókè, wọ́n ti gbé òkú ẹ̀ kúrò.

Màámi nìkan ni kò tíì wo eré ẹ̀ rí, èmi ni mi ò sì jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ní ìdílé wa ní Ìjẹ̀bú, ìyá kì í fojú rí òkú ọmọ. Nígbà tí àbúrò wa kú, inú yàrá ni wọ́n fi Màámi sí títí wọ́n fi sin ín tán. Wọn ò mọ ojú oórì ẹ̀ dòní. Ṣé èmi ni màá wá fi òkú ọmọkùnrin tó kù hàn wọ́n nínú tẹlifíṣàn?

Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ pé ojú Màámi ń lọ, oògùn ò lè dá a padà. Bọ̀dá pè mí.

“Tí wọn ò bá rí iṣẹ́ mi báyìí, ìgbà wo ni wọ́n tún fẹ́ rí i?”

“Ẹ wá eyí tẹ́ ẹ ò ti ní kú, Bọ̀dá.”

“Wọn ò fún mi ṣe.”

“Ẹ bẹ̀ wọ́n! Ẹ ní ẹ ní ìyá nílé.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi eré kan ránṣẹ́. Ó ṣe bàbá aláìsàn kan níbẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kò sọ irú ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ó kú.

Mo gbé e lọ sílé Màámi ní Ìfàkọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Mo ti wò ó tẹ́lẹ̀, mo sì ti pète: bó bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó tó kú, màá pa tẹlifíṣàn, màá ní wọ́n ti múná lọ. Bọ̀dá yọjú, Màámi pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Bọ̀dá sọ̀rọ̀ tán, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo pa á.

“Yéè, wọ́n ti múná lọ!”

Màámi gbójú sókè. Fáànù ń yí wìì.

“Ìwọ ọmọ yìí, ọjà lo ti ń parọ́ fún oníbàárà, àbí èmi náà ti di oníbàárà? Ó fẹ́ kú ni, àbí?”

Mo kúnlẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n dìde, wọ́n yí àga wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣàn.

“Ojú mi ni kò gbọdọ̀ rí i. Wọn ò bá etí wí. Dá a padà síbẹ̀rẹ̀.”

Màámi ò gbọ́ òyìnbó kọjá kíkí, síbẹ̀ gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ni wọ́n fi ń mi orí. Ikọ́ dé. Lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n fọwọ́ di orúnkún mú.

“Ṣé ó ti dìde?”

Nínú eré, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Mo pa tẹlifíṣàn, mo pe Bọ̀dá lórí fóònù, mo gbé e sí wọn létí. Ó kí wọn.

“Màámi, ṣé ẹ rí mi?”

“Mo rí ẹ dé ibi tó yẹ kí n rí ẹ dé. Ìyókù, mo fetí gbọ́. Bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, bàbá ẹ gan-an ni.” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Àmọ́ ikọ́ yẹn, ṣé ti iṣẹ́ ni, àbí o ń wúkọ́ lóòótọ́?”

Bọ̀dá tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin bú sẹ́kún lórí fóònù. Mò ń gbọ́ ọ tó ń fọn ikun.