Ẹsẹ̀ Silas

Akíntúndé ti pé ọmọ ogójì ọdún kó tó tún padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì akẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà jọ́gíráfì ni ní Àkúrẹ́. Ó ti fi ọdún mẹ́tàlá ya odò àti òkè sójú pátákó, àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ti ń bímọ. Kò sẹ́ni tó lé e níbi iṣẹ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì, ìyá náà kò sì mọ̀.

Oda, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ni ìyá yìí ń gbé. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú lẹ́yìn ilé, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbéra mọ́. Akíntúndé nìkan ni ọmọ rẹ̀ tó wà nítòsí. Fún ọdún méjì gbáko, bó bá ti jáde níléèwé, á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Oda, á wẹ ìyá rẹ̀, á yí i padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, á sì rọra fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń yà kí ìyá náà, ká aṣọ sókè lọ́jọ́ kan, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ìdí.

Ó ní, "Ọdún méjì lórí ibùsùn, kò sí egbò kan ṣoṣo. Tíṣà, ta ló kọ́ ẹ?"

Akíntúndé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá kú, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Obìnrin kan náà ló sì sọ fún un pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Oǹdó tó ń gba àwọn tó ti gboyè yunifásítì nínú iṣẹ́ mìíràn, bí wọ́n bá ti yege sáyẹ́ǹsì ní girama. Ohun tí àwọn ọmọdé ń fi ọdún márùn-ún kọ́, ọdún méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n á fi kọ́ wọn.

Àdùnní, ìyàwó rẹ̀, ń ránṣọ ní Ọjà Ọba. Ibi tó ti ń lọ aṣọ ló ti gbọ́ ọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ.

"Bàbá Precious, ṣé òkè òkun lẹ fẹ́ lọ ni?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi nọ́ọ̀sì ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe ni," ló wí.

Àdùnní wò ó. "Ẹ máa lọ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí gbàgbé ojú yín o."

Bẹ́ẹ̀ ni Akíntúndé ṣe gba yàrá kan ní Oǹdó, tó ń wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tó bá ráyè. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ báńkì wà nínú wọn, pásítọ̀ wà, obìnrin kan wà tó ti jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìròyìn. Àárọ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ gbogbo egungun ara, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ń rọ ìmọ̀ sí wọn lórí bí ẹni ń rọ èlùbọ́ sápò, bí àpò náà bá sì ya, ó ya nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, ogún èèyàn ló kù. Goodness, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó jókòó ti Akíntúndé ní kíláàsì, ló máa ń bá a kàwé. Ó gbóyà jù ú lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú.

Ìgbà náà ni wọ́n pín àwọn méjèèjì sí wọ́ọ̀dù ọkùnrin, nílé ìwòsàn ńlá kan nílùú náà. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù yẹn ń jẹ́ Adépọ̀jù, obìnrin tó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún. Ibùsùn méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan, àwọn méjì ti gbéra lọ sí ìlú òyìnbó, ìjọba kò sì fi ẹnì kankan rọ́pò wọn. Orí ìdúró ló ti máa ń jẹun.

Akíntúndé fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá dàgbà jù ú, ṣùgbọ́n òun ló ń tẹrí ba, tó ń sọ pé "Ẹ káàárọ̀, mà." Lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀, ó sọ lójú àwọn aláìsàn pé omi tí wọ́n fà sí bàbá kan lára ti tán. Adépọ̀jù yíjú sí i.

"Ọ̀gbẹ́ni Tíṣà, kíláàsì kọ́ nìyí o."

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Akíntúndé kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́rú kan ni ọ̀rọ̀ Silas ṣẹlẹ̀. Bíríkìlà ni Silas, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, igi tó gùn nídìí iṣẹ́ ló yẹ̀, egungun ojúgun rẹ̀ sì dá sí méjì. Wọ́n tò ó, wọ́n fi POP, ìdè funfun tó máa ń gan bí sìmẹ́ǹtì, dì í láti itan títí dé ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà tí Akíntúndé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá a tó di irin ibùsùn mú, òógùn bò ó.

"Dókítà, ẹ gbà mí." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláìsàn ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá wọ funfun. "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi ò ṣiṣẹ́. Nǹkan kan ń fún ẹsẹ̀ mi pa."

Akíntúndé fọwọ́ kan àwọn ọmọ ìka tó yọ jáde lẹ́nu POP. Wọ́n wú, wọ́n funfun bí ẹni pé kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tutù. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kejì, ìyẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó rọra gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà sókè. Silas ké.

"Pẹ̀lẹ́. Ibo ni mo fọwọ́ kàn nísinsìnyí?"

"Ẹ ò tíì fọwọ́ kàn mí."

Ìka Akíntúndé sì wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti ka ohun yìí rí. Ó ń rí ojú ewé náà gan-an: ẹran ara ń wú nínú POP, kò ríbi wú sí, ẹ̀jẹ̀ ò sì kọjá mọ́. Wákàtí díẹ̀ ló kù. Wọ́n gbọ́dọ̀ la POP yẹn, dókítà sì gbọ́dọ̀ wá.

Ó lọ bá Adépọ̀jù níbi tó ti ń po oògùn. "Mà, ẹsẹ̀ Silas ti tutù. Kò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án. Mo rò pé POP yẹn ló há."

"Àná lẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Kó má dùn ún ni?"

"Mà, kì í ṣe ìrora lásán—"

"Dókítà wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Bó bá jáde, á wò ó." Ó gbé ojú sókè. Ojú náà pọ́n, ó ti rẹ̀ ẹ́. "Oṣù mẹ́rìnlá lẹ lò. Èmi ti lo ọdún mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo àwọn tó kù."

Nígbà tí agogo méjìlá kọjá díẹ̀, ó padà lọ wo Silas. Ìyá rẹ̀ ti dé, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ. Silas kò ké mọ́. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní ó ti ń dẹ̀. Akíntúndé fọwọ́ kan ọmọ ìka, ó rí i pé wọ́n ti ń dúdú. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ló ń kú tí ìrora fi lọ, kò sì lè sọ ọ́ létí ìyá náà. Ó tún lọ bá Adépọ̀jù. Bàbá kan ń kú lọ níbùsùn kẹsàn-án, obìnrin náà ń pariwo lórí fóònù pé kí wọ́n gbé ọ́síjìn wá. Kí Akíntúndé tó lanu, ó ti juwọ́ sí i pé kó kúrò. Ó kúrò. Ó kọ àkókò àti ohun tó rí sínú ìwé kékeré tó wà nínú àpò rẹ̀.

Goodness sún mọ́ ọn. "Bọ̀dá Akin, ẹ jẹ́ ká lọ kan ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ fúnra wa."

"Àwa akẹ́kọ̀ọ́? Wọ́n á lé wa."

"Kí wọ́n lé wa."

Akíntúndé mi orí. Ó rántí iléèwé tó fi sílẹ̀, ó rántí ẹ̀rín wọ́ọ̀dù. Goodness náà kò sì dá lọ.

Aago méjì, iṣẹ́ parí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fún Precious ní ẹ̀bùn ìṣirò ní iléèwé rẹ̀ ní Àkúrẹ́, láago mẹ́rin. Àdùnní ti pè lẹ́ẹ̀mejì. Akíntúndé sọ fún nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ pé kó bá òun wo Silas. Ìyẹn ní òun ti gbọ́, kò sì gbójú kúrò lórí ìwé. Akíntúndé wọ mọ́tò. Ó dé kí wọ́n tó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta á.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti la POP. Ẹsẹ̀ náà dúdú dé agbedeméjì ojúgun. Àwọn dókítà la ẹran ara, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó bóyá yóò yè. Kò yè. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wọ́n gé e lókè orúnkún. Ìyá Silas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tún sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá: "Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ti sàn ni."

Ilé ìwòsàn gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀. Adépọ̀jù sọ fún wọn pé òun ò rántí pé ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ kankan. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Akíntúndé gbé ìwé kékeré náà sórí tábìlì.

Ó ní, "Mo sọ fún wọn. Nígbà tí mo tún padà lọ, wọn ò ráyè gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n èmi náà rí i, mo mọ ohun tó jẹ́, mo sì wọ mọ́tò lọ sílé."

Wọ́n dá Adépọ̀jù dúró fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, ó pàdé Akíntúndé lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Ọ̀gbẹ́ni Tíṣà, ẹ mọ iye èèyàn tí èmi nìkan tọ́jú lọ́jọ́ yẹn?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n, mà."

"Ṣé ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé yín?"

Kò kọ ọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ á pin. Nígbà ìdánwò àfọwọ́ṣe, wọ́n ní ó pẹ́ jù. Lóòótọ́ ó pẹ́. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Goodness parí ṣáájú rẹ̀. Ètò ọdún méjì àti ààbọ̀ gba Akíntúndé ní ọdún mẹ́ta ó lé oṣù mélòó kan, Àdùnní sì dẹ́kun bíbéèrè ìgbà tó máa tán. Nígbà tó wá gba ìwé ẹ̀rí, kò sí ayẹyẹ. Ó ríṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan ní Àkúrẹ́. Wọ́n ń pè é ní aláriwo níbẹ̀, torí pé ó máa ń tọ dókítà lọ síbi tó ti ń jẹun.

Nígbà tó ṣì wà ní Oǹdó, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, ó lọ sílé ìyá Silas. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá náà wò ó lójú fèrèsé, kò ṣílẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣí i. Kùkùté ẹsẹ̀ náà kò tíì jinná dáadáa, ibì kan ń ṣe omi. Akíntúndé fọ ọ́, ó dì í. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń lọ. Silas kì í bá a sọ̀rọ̀. Ògiri ló máa ń kọjú sí títí iṣẹ́ á fi parí.

Ní Ìṣẹ́gun kan tí òjò ń rọ̀, ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ pariwo lọ́jọ́ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n á gbọ́?"

Akíntúndé di báńdéèjì náà mú lọ́wọ́. "Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò pariwo."

"Mi ò pariwo."

Silas mi orí bí ẹni tó gbọ́. Lẹ́yìn náà ó na kùkùté ẹsẹ̀ náà sí i, kó lè dì í parí.