Aránṣọ Tó Gun Tábìlì

Aránṣọ kan ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó padà sí ilé-ìwé. Tíṣà fún un ní òdo, torí aránṣọ náà kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ohun tó wúwo máa ń yára balẹ̀ ju ohun tó fúyẹ́ lọ. Tíṣà ní afẹ́fẹ́ ló ń dá èyí tó fúyẹ́ dúró. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á jọ balẹ̀ ni.

"Irọ́ ńlá! Ọgbọ̀n ọdún ni sísọ́ọ̀sì ti ń já gbà lójú mi, tí ègé aṣọ á ṣì máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè!" ni aránṣọ fi dá a lóhùn.

Tìbínú-tìbínú ló fi délé. Ó ká ègé aṣọ kan, ó fi òwú dì í pinpin kí afẹ́fẹ́ má lè dá a dúró, ó gun tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jọ balẹ̀. Kò gbà. Ó pààrọ̀ ọwọ́. Wọ́n tún jọ balẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ọkọ rẹ̀ yọjú: "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé kò sí o?" Kò tiẹ̀ wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá tíṣà.

"Òdo yẹn tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà míì, ẹ má fẹnu lásán kọ́ wa. Ẹ gun tábìlì."